Bí Òòrẹ̀ Ṣe Ya Ojú Ẹnìkan

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹnu yín kò tíì ṣí dáadáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi yẹn, ṣé àlejò ni yín ni? Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ó dáa. Ìgè, pa ìwé ilé-ẹ̀kọ́ yẹn dé. Láti ìrọ̀lẹ́ lo ti ń fi àwòrán inú rẹ̀ han àwọn ẹgbẹ́ rẹ, o sì ń bi mí pé kí ló dé tó jẹ́ pé ojú Ìjàpá ni wọ́n máa ń yà síbi tí olè bá wà. Mo ti gbọ́. Màá sọ ọ́ fún ọ. Bàbá Akínlàbí ti wà níbí nígbà tí mo pa àlọ́ yìí kẹ́yìn, ṣùgbọ́n wọ́n á tún un gbọ́, torí oorun ni wọ́n sùn lọ́jọ́ yẹn.

Àlọ́ mi rìn títí, ó ń wá ibi tí yóò jókòó sí. Kò rí ibì kan àfi orí Òòrẹ̀ tó ń fi gègé yàwòrán, àti Ìjàpá tó ń bá a jíṣẹ́. Gègé ni wọ́n fi ń kọ̀wé kí bírò yín tó dé.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí onírúurú ẹranko ṣì ń gbé pọ̀ nínú ìlú kan, wọ́n máa ń pàlọ́ bí a ti ń pa á yìí. Ṣùgbọ́n Ìjàpá kò sí nínú àlọ́ ìgbà náà. Bí apàlọ́ bá dé ibi tí wọ́n ti jí iṣu, yóò ní, "Ẹnìkan wọ oko olóko, ẹnìkan wa iṣu oníṣu." Kò sí ẹni tó ń bèèrè pé ta ni ẹnìkan. Ẹnìkan á jalè, wọ́n á na ẹnìkan, ilẹ̀ á mọ́, oníkálukú á gba oko rẹ̀ lọ. Ó tẹ́ gbogbo wọn lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Ẹfọ̀n ni ọba wọn. Ẹfọ̀n ní ọmọ-ọmọ kan tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Etí Àwẹ̀ró kò gbọ́ràn. Adití ni wọ́n bí i. Bí wọ́n bá ń pàlọ́, yóò jókòó sáàárín àwọn ọmọ yòókù, yóò máa wo ẹnu apàlọ́. Bí àwọn yòókù bá rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tirẹ̀ á pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn tiwọn. Ọba rí i bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó dun ọba débi pé kò lè jẹun.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọba ránṣẹ́ pe Òòrẹ̀.

Ẹ mọ Òòrẹ̀. Òun ni ẹ̀gún gígùn bo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ yàwòrán, kì í yá gègé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Yóò fa ẹ̀gún kan yọ lẹ́yìn ara rẹ̀, yóò fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹnu rẹ̀ kó rí ṣóńṣó, yóò sì la ẹnu náà díẹ̀ kí ó lè mu tàdáwà. Tàdáwà ni omi dúdú tó fi ń ṣiṣẹ́. Dúdú ìdí ìkòkò àti oje èèpo igi ló máa ń sè pọ̀ títí yóò fi ki.

"Kábíyèsí, wọ́n ní ẹ ń pè mí."

"Òòrẹ̀, mo fẹ́ kí o kó gbogbo àlọ́ ìlú yìí sínú ìwé. Má kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Àwòrán ni kí o yà, kí ọmọ yìí lè fi ojú gbọ́ ọ."

Òòrẹ̀ wo ilẹ̀. "Kábíyèsí, dúdú nìkan ni mo ní."

"Funfun ńkọ́?"

"Ibi tí mo bá fi sílẹ̀ ni funfun."

Ọba ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó ní kí ìwé náà parí kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, kí àwọn ènìyàn òun tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbin iṣu, kí gbogbo ìlú lè ráyè wá wò ó. Òòrẹ̀ gbà. Ṣùgbọ́n ó ní òun ní èèwọ̀ kan lẹ́nu iṣẹ́ òun: ohun tí ojú òun kò bá rí, gègé òun kì í yà á. Gbogbo ẹni tó bá máa wà nínú ìwé gbọ́dọ̀ wá dúró níwájú òun. Òun kò sì lè máa kiri lọ pè wọ́n, torí bí òun bá fi tàdáwà sílẹ̀ lórí iná, yóò gan.

Ọba bèèrè ẹni tó lè máa bá a jíṣẹ́. Ìjàpá wà ní ẹ̀gbẹ́ ògiri ààfin. Kò sí ẹni tó pè é. Iyán ni wọ́n ń gún ní ààfin lọ́jọ́ náà, ìyẹn ló sì gbé e débẹ̀. Ó nawọ́ sókè.

"Kábíyèsí, mo lè jíṣẹ́."

"Ìwọ tí o kò lè yára rìn?"

"Mo máa ń débẹ̀, Kábíyèsí."

Bí Ìjàpá ṣe di ìránṣẹ́ Òòrẹ̀ nìyẹn. Ní tòótọ́, ó jíṣẹ́ dáadáa níbẹ̀rẹ̀. Òòrẹ̀ dojú odó dé, ó fi pátákó lé e lórí, ó tẹ́ tákàdá sórí pátákó náà, ó sì ń yàwòrán níbẹ̀. Ìjàpá kúrú. Ìdí odó nìkan ló ń rí. Kò rí ohun tó wà lórí tákàdá rí láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, kò sì bèèrè, torí kì í ṣe ohun jíjẹ.

Wọ́n ya ọba inú àlọ́. Wọ́n ya ìyàwó ọba. Wọ́n ya olóko, wọ́n ya odò, wọ́n ya igi ìrókò. Ọjọ́ kan wá dé tí Òòrẹ̀ gbé gègé sílẹ̀.

"Ìjàpá, lọ pe ẹnìkan wá fún mi."

"Ẹnìkan wo?"

"Ẹnìkan tó jí iṣu."

Ìjàpá rò ó wò. "Ẹnìkan yẹn kì í ṣe ẹnìkan kan. Ẹnìkan lásán ni."

"Ẹnu lè sọ pé ẹnìkan," Òòrẹ̀ dá a lóhùn. "Gègé kò lè yà á. Imú ta ni kí n yà? Kí n ya ẹsẹ̀ rẹ̀ kó gùn, àbí kó kúrú? Àwòrán gbọ́dọ̀ ní ojú. Wá ẹni tí ojú rẹ̀ bá iṣẹ́ náà mu, kí o mú un wá."

Ìjàpá kò lọ pe ẹnikẹ́ni. Ilé ló gbà lọ tààrà. Ìyàwó rẹ̀ ń gbá ẹ̀yìnkùlé.

"Ìyàwó mi, a ti dọlọ́rọ̀."

"Ta ló kú?"

"Kò sí ẹni tó kú. Òòrẹ̀ ń wá ojú tí yóò yà síbi olè. Èmi ló ní kí n wá a. Ẹni tí wọ́n bá ya ojú rẹ̀ síbẹ̀, olè ni títí ayé. Wọ́n á fi han ọmọ, ọmọ á fi han ọmọ tirẹ̀. Tàdáwà kì í ṣá. Ta ni kò ní fún mi ní nǹkan kí n má baà mú òun lọ?"

Ìyàwó rẹ̀ gbé ọwọ̀ sílẹ̀. "Bí gbogbo wọn bá wá fún ọ ní nǹkan ńkọ́? Ta ni Òòrẹ̀ yóò yà?"

"Iṣẹ́ Òòrẹ̀ nìyẹn. Èmi kì í yàwòrán."

Ó bọ́ sójú ọ̀nà, ó ń kọrin. Ẹ máa gbè é fún mi. Gègé ń yà ni ẹ ó máa wí.

Òòrẹ̀ ló rán mi sí yín o,
*Gègé ń yà.*
Ojú olè ló kù nílẹ̀,
*Gègé ń yà.*
Ẹni tó lawọ́, ojú rẹ̀ á mọ́,
*Gègé ń yà.*
Ẹni tó háwọ́, ẹ ó bá a nínú ìwé,
*Gègé ń yà, gègé ń yà.*

Ilé Ehoro ló kọ́kọ́ yà sí.

"Ehoro, ọba kí ọ. Òòrẹ̀ ń wá ojú tí yóò yà síbi olè. Mo wo ìlú yíká, ojú rẹ ló wá sí mi lọ́kàn."

Etí Ehoro méjèèjì wọlẹ̀. "Kí ni mo ṣe?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Àwòrán ni."

"Àwọn àna mi ńkọ́? Wọ́n á rí i."

"Wọ́n á rí i dáadáa. Yóò jọ ọ́ gan-an. Òòrẹ̀ mọṣẹ́ rẹ̀."

Ehoro wọ inú ilé, ó gbé àpò ẹ̀pà kan jáde. Ó ní kí Ìjàpá jọ̀ọ́, kó má sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun fún un ní nǹkan. Ìjàpá ní òun kì í sọ ọ̀rọ̀ kiri. Òtítọ́ ni. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó padà dé ọ̀dọ̀ Òòrẹ̀, ó jókòó sídìí odó.

"Mo yẹ Ehoro wò. Kò ṣe é lò."

"Kí ló dé?"

"Etí rẹ̀ ni. Olè tí etí rẹ̀ gùn báyẹn, etí náà ni olóko á fi dì í mú. Àwọn ọmọ kò ní gbà á gbọ́."

Òòrẹ̀ rí i pé ọ̀rọ̀ náà ní làákàyè. "Báwo ni kí etí olè ṣe rí?"

"Kó má hàn síta rárá."

Òòrẹ̀ gbé ojú sókè. Ó wo ẹni tó wà níwájú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ti gègé bọ tàdáwà, ó sì fa ìlà kan.

Lọ́jọ́ kejì, Àkùkọ gbé apẹ̀rẹ̀ àgbàdo wá. Ìjàpá lọ sọ fún Òòrẹ̀ pé Àkùkọ kò ṣe é lò, ìyẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù, ìyẹ́ á sì mu tàdáwà tán. Ó ní olè tó dára kò gbọdọ̀ ní ìyẹ́, kò sì gbọdọ̀ ní irun. Òòrẹ̀ ní irun orí náà ńkọ́. Ìjàpá ní kí orí náà pá. Òòrẹ̀ wò ó, ó fa ìlà méjì.

Lọ́jọ́ kẹta, Erin fúnra rẹ̀ gbé odidi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá sẹ́yìnkùlé Ìjàpá, ó ń yọ́ rìn. Ilẹ̀ ń mì, ṣùgbọ́n ó ń yọ́ rìn. Ìjàpá lọ sọ fún Òòrẹ̀ pé bí wọ́n bá ya Erin, kò ní sí àyè fún iṣu mọ́ lórí tákàdá. Ó ní kí olè náà kéré, kí ó ṣe é fi sábẹ́ apá. Òòrẹ̀ tún wò ó.

Àwọn ẹranko yòókù wá lọ́kọ̀ọ̀kan, oníkálukú pẹ̀lú ohun tó ní. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé ẹnìkejì òun ti wá. Ìtìjú kò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Bí wọ́n bá pàdé ara wọn lójú ọ̀nà, wọ́n á kí ara wọn, wọ́n á bèèrè ọmọ, wọ́n á kọjá.

Ó wá ku Ẹtu.

Ọdẹ ti yìnbọn pa ọkọ Ẹtu lọ́dún tó kọjá. Ọmọ méjì ló fi sílẹ̀ fún un. Ẹtu kò ní ẹ̀pà, kò ní àgbàdo. Nínú ahéré rẹ̀, nǹkan kan ṣoṣo ló wà ní kọ̀rọ̀, ó fi ewé bò ó.

Ìjàpá jíṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe máa ń jẹ́ ẹ. Ẹtu gbọ́ ọ tán, ojú rẹ̀ lọ sí kọ̀rọ̀.

"Bàbá, mi ò ní nǹkan kan tí mo lè fún yín."

"Kí ló wà lábẹ́ ewé yẹn, ọmọ mi?"

"Iṣu èbù ni. Òun ni mo fẹ́ gbìn bí òjò bá rọ̀. Bí ẹ bá kó o, kí ni èmi àti àwọn ọmọ mi máa jẹ lọ́dún tó ń bọ̀?"

"Èmi kò ní kó o. Ìwọ lo máa gbé e wá."

Ẹtu jókòó sílẹ̀. Ó ro ọ̀rọ̀ náà síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Bí nǹkan bá sọnù ládùúgbò, ilé opó ni wọ́n kọ́kọ́ ń yà wò. Wọ́n ti ya ilé òun wò lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà tí ọkọ òun ti kú, wọn kò sì rí nǹkan kan. Bí wọ́n bá wá ya ojú òun sínú ìwé ọba, ta ni yóò tún yá òun ní ọkọ́? Ta ni yóò jẹ́ kí ọmọ tirẹ̀ bá ọmọ òun ṣeré? Ebi ọdún kan ṣì lè kọjá. Orúkọ olè kì í kọjá.

Ó ru iṣu èbù rẹ̀, ó gbé e lọ sílé Ìjàpá. Nígbà tó ń padà bọ̀, ó ń sunkún. Ó dùn mí títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àlọ́ ni.

Ìyàwó Ìjàpá yẹ iṣu náà wò. "Èyí kì í ṣe iṣu jíjẹ. Èbù ni."

"Gbogbo iṣu ni iṣu jíjẹ," Ìjàpá dá a lóhùn. Ó sun ẹyọ kan láti mọ bó ṣe rí. Ó ní ó dùn, ṣùgbọ́n kò tóbi.

Ní ọ̀dọ̀ Òòrẹ̀, ó ní Ẹtu náà kò ṣe é lò. Ó ní ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ó sì tín-ín-rín. Bí àwọn ọmọ bá rí ẹsẹ̀ yẹn, wọ́n á mọ̀ pé yóò sá lọ, àlọ́ á sì parí síbẹ̀. Olè inú àlọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ọwọ́ yóò tẹ̀.

"Báwo ni kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe rí?"

"Kó kúrú. Kó tẹ̀ díẹ̀."

"Bí olóko bá dé lójijì, kí ni yóò ṣe?"

Ojú Ìjàpá là. Ọ̀rọ̀ tó mọ̀ dáadáa ni wọ́n bi í yìí. "Olè tó gbọ́n kì í sá. Yóò fa orí wọlé, yóò dúró jẹ́ẹ́, wọ́n á rò pé òkúta ni."

"Mi ò rí irú ẹ̀ rí," ni Òòrẹ̀ wí. "Ṣe é kí n wò ó."

Ìjàpá fa orí wọlé, ó dúró jẹ́ẹ́. Ó gbọ́ tí gègé ń ha orí tákàdá, há, há, há. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi ń ro ó, torí kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun kò mọ nǹkan tí òun ń wí.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà ti ṣe irú ẹ̀ rí.

"Ó ku ara rẹ̀," Òòrẹ̀ wí. "O ní kò gbọdọ̀ ní ìyẹ́, o ní kò gbọdọ̀ ní irun. Kí ni kí n wá fi bò ó lára?"

"Fi nǹkan líle bò ó. Wọ́n á nà án, àbí wọn kò ní nà án? Ẹ̀yìn tó bá rọ̀ á ti bàjẹ́ kí àlọ́ tó parí."

"Ìyẹn á gba ìlà púpọ̀."

Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni Òòrẹ̀ fi fa ìlà. Ó ń fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lórí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, ibi tó fẹ́ kó dúdú, á kó ìlà pọ̀ síbẹ̀, ibi tó fẹ́ kó mọ́lẹ̀, á fi í sílẹ̀. Ẹ̀gún mẹ́rin ló fi ṣiṣẹ́ ẹ̀yìn náà nìkan. Nígbà tó parí, ó fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó fi ewé kókò bò ó.

"O ti yà á tán?" Ìjàpá bèèrè.

"Mo ti yà á tán."

"Ta ni o yà?"

"Ẹni tí o sọ."

Mi ò lè sọ fún yín bóyá Òòrẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe. Ẹni tí ẹ̀gún wà lẹ́yìn rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ìjàpá délé, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ó jókòó sáàárín ẹ̀pà àti àgbàdo àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti iṣu èbù. Ó ní, "Ìyàwó mi, gbogbo ẹ̀ ti bọ́ sí i. Òòrẹ̀ ya ẹranko tí kò ní etí, tí orí rẹ̀ pá, tó kéré, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, tó ń fa orí wọlé, tí ẹ̀yìn rẹ̀ le bí òkúta. Kò sí irú ẹranko bẹ́ẹ̀ láyé."

Ìyàwó rẹ̀ wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

"Kò sí?"

"Kò sí."

"Ó dáa," ìyàwó rẹ̀ wí, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí ìwé pé. Ojú sánmà ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀, òjò àkọ́kọ́ kò jìnnà mọ́. Gbogbo ẹranko péjọ síwájú ààfin ní òwúrọ̀. Ọba gbé Àwẹ̀ró jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Ìjàpá wà níwájú pátápátá, torí ó gbà pé wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ ìránṣẹ́ náà. Ẹtu wà lẹ́yìn gbogbo èrò pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Kò gbé ojú sókè.

Òòrẹ̀ ń ṣí ìwé náà ní ewé kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé e sókè kí gbogbo ìlú rí i. Wọ́n rí olóko nínú oko rẹ̀. Wọ́n rí odò, wọ́n rí bí omi ṣe ń ṣàn nínú dúdú àti funfun. Àwẹ̀ró ń wo àwòrán, kò wo ẹnu ẹnikẹ́ni. Ọba ń wo Àwẹ̀ró.

Wọ́n dé ibi olè. Òòrẹ̀ gbé e sókè.

Gbogbo ìlú wo àwòrán náà, wọ́n sì wo Ìjàpá.

Ìjàpá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó na ọrùn sókè, ó wò ó dáadáa, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹranko yìí burẹ́wà o. Ẹ wo orí rẹ̀. Òòrẹ̀, níbo lo ti rí eléyìí?"

Kò sí ẹni tó bá a rẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọba. Ó rìn wá síwájú Ìjàpá, ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ẹ̀yìn Ìjàpá jẹ́jẹ́. Ó padà síbi ìwé, ó kan ẹ̀yìn tó wà nínú àwòrán. Lẹ́yìn náà ló wá rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀rín tirẹ̀ ló ṣáájú, ti ìlú ló tẹ̀lé e.

Ìjàpá wo àwòrán náà lẹ́ẹ̀kejì. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Kì í ṣe èmi."

"Ta ló ní ìwọ ni?" Ọba bi í.

"Kábíyèsí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó pa á rẹ́."

Ọba wo Òòrẹ̀. Òòrẹ̀ ní, "Èédú ni wọ́n ń pa rẹ́, Kábíyèsí. Tàdáwà nìyí."

Ìjàpá yíjú sí i. "Kí ni mo fi ṣe ọ́ tí o fi yà mí?"

"Èmi kọ́ ni mo sọ bí kó ṣe rí. Ìwọ lo sọ ọ́. Mi ò sì lè ya ohun tí ojú mi kò rí, ìwọ nìkan lo wà níwájú mi."

"Kábíyèsí, àwòrán lásán nìyí. Èmi kì í ṣe olè. Ẹ bi ìlú léèrè, bóyá mo jí nǹkan ẹnikẹ́ni rí."

Ọba bi ìlú léèrè. Ehoro ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀, Erin ń wo igi. Ọba ti fẹ́ ní kí wọ́n ṣí ewé tó kàn, ni Ẹtu bá dìde lẹ́yìn.

"Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Mi ò mọ̀ bóyá olè ni Bàbá Ìjàpá. Mo kàn fẹ́ bèèrè bóyá mo lè gba iṣu èbù mi padà, nígbà tó jẹ́ pé wọ́n ti rí ẹni tí wọ́n yà."

"Iṣu èbù wo?"

Ẹtu sọ ọ́. Nígbà tó sọ gbogbo ẹ̀ tán, Ehoro dìde, ó ní ọ̀rọ̀ ẹ̀pà kan wà nílẹ̀. Àkùkọ ní àgbàdo òun ńkọ́. Erin ní òun kò fẹ́ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ òun náà wà níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan nìyẹn, tí oníkálukú ń wo ẹnìkejì rẹ̀ tìyanu-tìyanu, títí kò fi sí ẹni tó kù ní ìjókòó mọ́ àfi Ìjàpá.

Ọba ní kí wọ́n lọ wo ilé rẹ̀. Ìyàwó Ìjàpá ti ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ dè wọ́n. Wọ́n bá gbogbo ẹ̀ níbẹ̀, ẹyọ èbù kan ṣoṣo ló dín.

Ọba kò pariwo. Ó ní Ìjàpá ló máa fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ ru gbogbo ẹrù náà padà sílé oníkálukú, iṣu Ẹtu ni yóò sì kọ́kọ́ gbé. Nítorí èbù tó sun jẹ, òun ló máa kọ gbogbo ebè tí Ẹtu yóò fi gbin iṣu lọ́dún yẹn. Ìjàpá ru ẹrù títí òjò fi dé bá a lójú ọ̀nà. Ó kọ ebè títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Ẹtu gbin èbù rẹ̀, iṣu rẹ̀ sì ta. Láti ìgbà náà, bí nǹkan bá sọnù ládùúgbò, wọn kì í yà sílé Ẹtu mọ́.

Nígbà tí ebè tán, Ìjàpá sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun kò lè gbé ìlú yìí mọ́. Bí òun bá jáde, àwọn ọmọ á máa pe òun lólè. Ó ní òun máa lọ sí ìlú tí wọn kò ti mọ òun, òun á bẹ̀rẹ̀ ayé tuntun níbẹ̀.

Ó rìn ní gbogbo ìgbà òjò. Ó rìn wọ inú ọyẹ́. Ẹ mọ bó ṣe ń rìn. Nígbà tó wá dé ẹnubodè ìlú kan tó jìnnà réré, ó bá ìyá arúgbó kan níbẹ̀, Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́, tó ń sá iṣu gbígbẹ sórí àpáta. Ara Ìjàpá yá gágá.

"Ẹ ǹlẹ́ o, ìyá. Àlejò ni mí."

"Ẹ kú àbọ̀," ìyá arúgbó náà wí. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó iṣu rẹ̀ kúrò lórí àpáta, ó ń kó o sínú apẹ̀rẹ̀.

"Ìyá, kí ló dé tí ẹ fi ń kó o wọlé? Òjò kò ṣú."

"Kì í ṣe òjò. Mo mọ̀ yín ni."

"Ẹ kò rí mi rí láyé yín."

"Mo ń rí yín lójoojúmọ́. Ọba wa ní kí Òòrẹ̀ ya irú ìwé yẹn fún àwa náà. Ẹyẹ ló gbé e wá, ó ti tó oṣù mẹ́ta. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ní yín nílé."

Ìyá arúgbó náà kó iṣu rẹ̀ wọlé tán. Ó bu omi tútù sínú igbá, ó gbé e síwájú Ìjàpá lẹ́nu ọ̀nà, torí àlejò ni àlejò ń jẹ́. Lẹ́yìn náà, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ìdí àlọ́ mi rèé. Ẹni tó ń fi ojú ẹlòmíràn ṣòwò, ojú tirẹ̀ ló ń yà sílẹ̀. Àwọn àgbà ní ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni rí tẹni. Àlọ́ mi rèé láti orí dé ẹsẹ̀. Bí mo bá fi irọ́ kan kún un, kí Òòrẹ̀ gbé gègé rẹ̀ wá, kó wá ya èmi náà síwájú ilé yìí. Ẹ dìde, ẹ lọ sùn. Kí ẹnìkan jí Bàbá Akínlàbí fún mi.